Ó Yẹ Kí Òǹkọ̀wé Ní Ohùn Lórí Èèpo Ìwé Rẹ̀

Ní Glazoué, bí a bá gbé ìwé lé àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́, àwòrán ara èèpo rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ó bá rí ọmọdé tí ó gbé àpò ilé-ìwé kọ́ èjìká, yóò rò pé ìwé àwọn ọmọ ni, yóò sì dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn inú rẹ̀ lè dá lórí opó kan tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ gba oko mọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tí ó kan òun gan-an. Òǹkọ̀wé ni ì bá ti kìlọ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í bi í.

Àṣà iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni pé ẹni tí ó náwó sí ìwé ni ó ní àṣẹ ìkẹyìn lórí èèpo rẹ̀. Èyí kò burú pátápátá, nítorí ó mọ ọjà rẹ̀, ó sì mọ iye tí àwọ̀ ń náni. Ṣùgbọ́n ayàwòrán tí kò ka ìtàn náà yóò ya ohun tí ojú rẹ̀ ti mọ̀. Ní ọdún 2014, a to èèpo ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn nípa Áfíríkà pọ̀. Igi kan náà ni ó wà lára wọn, tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pẹ̀lú oòrùn pupa tí ó ń wọ̀. Ìbáà jẹ́ ìtàn ogun, ìbáà jẹ́ ìtàn ìfẹ́, igi yẹn náà ni!

Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, kò dúró kí ẹlòmíràn rò ó fún un. Nǹkan bí ọdún 6 péré ni ó lò ní ilé-ìwé. Ó ṣe alágbẹ̀dẹ, ó sì ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ní ọdún 1952 ni ilé Faber and Faber tẹ ìtàn rẹ̀ nípa ọ̀mu tí ó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Ṣùgbọ́n ṣáájú èyí, ó ti fi ìtàn ọdẹ kan nínú igbó iwin ránṣẹ́ sí ilé kan ní London tí ń tẹ ìwé nípa fọ́tò. Ó ní kí ọmọ ilé-ìwé kan ya àwọn iwin náà, ó ya fọ́tò àwọn àwòrán yìí, ó sì fi fíìmù wọn ránṣẹ́. Ọdún 1982 ni ìtàn náà tó di ìwé. Àwòrán inú ìwé ni ó ń wá, kì í ṣe ti èèpo. Síbẹ̀, òun ni ó mọ bí iwin rẹ̀ ṣe rí.

Òǹkọ̀wé kò ní láti mọ àwòrán yà. Ti rẹ̀ ni kí ó sọ aṣọ tí opó náà wọ̀, irú ilé tí ó ń gbé, àti bóyá òkè bí ti Dassa ni ó wà lẹ́yìn oko iṣu rẹ̀. Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ bá dé, kí ó tọ́ka sí àṣìṣe ibẹ̀, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ayàwòrán. Òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn inú ìtàn rẹ̀ wà lórí èèpo kan ṣoṣo, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ ni yóò tẹ̀.

Kí àwọn tí ń tẹ ìwé ní èdè abínibí ní Benin fi àwòrán èèpo han òǹkọ̀wé kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí wọ́n sì fi han akẹ́kọ̀ọ́ àgbà bíi mélòó kan ní Glazoué, kí wọ́n bo àkọlé mọ́lẹ̀, kí wọ́n bi wọ́n pé: ìwé ta ni èyí?