*Ẹ̀yin Ìyá Wa, Ẹsẹ̀ Wíwú Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Ọ̀tá*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ìyá kan tí a jọ ń dá èésú wá sípàdé lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú débi pé bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìrọ̀rí mẹ́ta ló ń gbé orí lé kó tó lè sùn. A ní ayé ló fi nǹkan ṣe é. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé e kiri. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò ju ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ dì lọ. Yàrá mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Yàrá òkè lápá ọ̀tún ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ti yí ara ká, ó ń dà á sí tìsàlẹ̀, tìsàlẹ̀ ń tì í lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba atẹ́gùn tuntun. Ẹ̀jẹ̀ náà á padà sí yàrá òkè lápá òsì, á bọ́ sí tìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni agbára wà jù, ibẹ̀ ló ti ń tì í lọ sí gbogbo ara, láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Nǹkan bí 100,000 ìgbà lọ́kàn ń lù lójúmọ́, láìsinmi.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ńṣe ló dà bíi kí yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì yẹn máa ti ilẹ̀kùn tí ẹnì kan dì mú lódì kejì. Ògiri rẹ̀ á kọ́kọ́ nípọn, bíi apá ẹni tó ń gúnyán lójoojúmọ́. Tó bá pẹ́, á rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á wá dúró sẹ́yìn bí omi gọ́tà tí ọ̀nà rẹ̀ dí. Omi á wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí èémí kì í fi í dalẹ̀ tí èèyàn bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Omi á sì sọ̀ sí ẹsẹ̀. Ọ̀tá dà níbẹ̀?

Àwọn kan ń sọ pé, "Kò sóhun tó ń ṣe mí, kí ni mo fẹ́ fi oògùn BP ṣe?" Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ọ̀pọ̀ tó ní i kò mọ̀ ọ́n lára. Àwọn mìíràn ní oògùn ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń bà á jẹ́! Ẹni tó ní kí ẹ kó oògùn dànù, kí ẹ máa mu omi ááyù, ẹ bi í bóyá òun ló máa sanwó wọ́ọ̀dù. N kò ní kí ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbà á, kí ẹ sì gbé e dání lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ má sì fojú fo àwọn ìyá ọmọ. Tí èémí bá ń há wọn tàbí tí ẹsẹ̀ wọn ń wú sí i lẹ́yìn ìbímọ, ẹ má sọ pé òjòjò ọmọ ni. Ọkàn lè rẹ̀ nígbà yẹn náà. Ẹ tètè gbé wọn lọ.

Ẹgbẹ́ tó lè ra aṣọ ẹbí lè ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn BP. Ká máa wọn ara wa ní gbogbo ìpàdé. Ẹni tí tiẹ̀ bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ rí dókítà. Ká dín iyọ̀ àti màgí kù. Kí ẹni tó ń lo oògùn má sì dá a dúró fúnra rẹ̀.

Mo dákẹ́ nígbà kan. N kò ní dákẹ́ mọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ̀mí wa á gùn o.