Ta Ló Kó Egbò Wọ'lé?

  Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn l'ọ́sẹ̀ yìí, obìnrin kan tó ń ta abọ́ oníke l'Ògùnpa ló kọ ọ́. Ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní dá a. Mo kàn gé e kúrú ni:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ilé mi má baà tú. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti wà n'ílé ọkọ. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú mi. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nǹkan wẹ́wẹ́ olómi bí ìléròrò sú jọ l'ábẹ́ ọkọ mi, ó bẹ́, ó di egbò, ó ń ta á bí ata. Ó gba abẹ́rẹ́ l'ọ́dọ̀ kẹ́místì, ó lo kápúsù aláwọ̀ pupa àti yẹ́lò, wọ́n ní àtọ̀sí ni. Ìgbà tó dé ilé ìwòsàn ni dókítà wí pé herpes ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pariwo pé èmi ni mo kó o láti ọjà. Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí egbò kankan l'ára mi! Èmi náà sì ní òun ló lọ kó o n'íta. Ìyá ọkọ mi ti pe ẹbí jọ fún ọjọ́ Sọ́ńdè. Ṣé ara mi ni kò gbà á ni, àbí ó ń bọ̀ wá bá mi?"

Àbúrò mi, má tíì di ẹrù o. Egbò yẹn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí níwájú ìyá ọkọ rẹ.

Herpes kò dàbí àtọ̀sí. Òótọ́ ni pé ẹlòmíì máa ń rí egbò láàárín ọjọ́ méjì sí ọjọ́ méjìlá tó kó o. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kó o tí wọn kò mọ̀ rárá. Bóyá ojú ibẹ̀ yún wọn díẹ̀, wọ́n ní ooru ni. Kòkòrò rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, á lọ sá pamọ́ sí ìdí iṣan l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ó lè dákẹ́ síbẹ̀ fún oṣù, ó lè dákẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ọjọ́ tí àìsàn bá dá ènìyàn dùbúlẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ kò le, á yọjú.

Ẹ̀yin ará Ògùnpa, ẹ mọ irú èyí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ló ń ka odò wa sí? Pàǹtí l'àwọn mìíràn ń dà sí i. Ṣùgbọ́n l'ọ́jọ́ 31, oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, 1980, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ẹ̀mí lọ. Ṣé ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìbàdàn ni?

Nítorí náà, ọkọ rẹ lè ti kó o kó tó fẹ́ ọ. Ìwọ náà lè ti ní in l'ára láìmọ̀, kó sì ràn án, láìsí pé ẹnikẹ́ni yan àlè. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan yín jáde l'óòótọ́. N kì í ṣe agbẹjọ́rò ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń wí ni pé kò sí dókítà tó lè wo egbò kó sọ ẹni tó kó o wọ'lé. Àjọ ìlera àgbáyé, W.H.O., ṣírò pé ní 2020, nǹkan bí 520 mílíọ̀nù ènìyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49 ló ní oríṣi kejì, èyí tó sábà máa ń wà l'ábẹ́. Oríṣi kìíní tó ń sú s'étè tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnu sì lè gbé e dé abẹ́. Ṣé gbogbo wọn ni alágbèrè?

O béèrè bóyá ara rẹ ni kò gbà á. Má gb'ọ́kàn lé ìyẹn. Bí o bá ti ní irú kan náà tẹ́lẹ̀, ara rẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní máa kó o ran ara yín padà bí ẹni ń ju bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí o kò bá ní in, ó lè ràn ọ́, kódà l'ọ́jọ́ tí kò sí egbò l'ára rẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù ń dín in kù, kò dí i tán.

Oyún yẹn gan-an ló ká mi l'ára ju ẹjọ́ lọ. Ìyá tó ti ní in tipẹ́ ti fún ọmọ inú rẹ̀ l'áàbò díẹ̀. Èyí tó burú ni kí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn: ọmọ lè kó o l'ójú ọ̀nà nígbà ìbímọ, ó sì lè pa á tàbí kó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Sọ fún nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí l'ọ́la, má tijú. Béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń ya oríṣi méjèèjì s'ọ́tọ̀, U.C.H. kò jìnnà s'Ógùnpa. Bí wọ́n bá ní o kò ní in, kí ọkọ rẹ yéé sún mọ́ ọ títí o ó fi bí. Bí egbò bá wà l'ọ́jọ́ ìrọbí, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì ṣe àyẹ̀wò H.I.V., nítorí ojú egbò bẹ́ẹ̀ ń ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Jọ̀wọ́, má bá ọkọ rẹ pín kápúsù yẹn o! Kò ran herpes, ó sì lè ba eyín ọmọ inú rẹ jẹ́. Acyclovir l'oògùn tí dókítà ń kọ. Kò lé e lọ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí egbò tètè jiná.

Ní ti ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ jọ dé ilé ìwòsàn ná. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ní dandan ni kí ẹnìkan jẹ́wọ́, fún un ní ìwé ìròhìn yìí kó kà, tàbí kí ọmọ kan kà á fún un. Kí o sì kọ̀wé sí mi nígbà tí o bá bí.