«KÒ KÀN MÍ» Ń PA WÁ O, Ẹ̀YIN ARÁ ỌJÀ!

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa nínú ọjà Òkè-Bùkún àti agbègbè rẹ̀, Ọ̀kun o! Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnira ọ̀nà. Ọjà á tà o.

Ọ̀rọ̀ ìkíni yìí gan-an la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni gbogbo ayé fi mọ̀ wá: Bùnú, Ọ̀wẹ́, Ìjùmú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀. A ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, a sì ń kí ẹni tí nǹkan ṣe bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lẹ́ wà nínú ẹ̀, okun àti agbára náà wà nínú ẹ̀. Tí ẹni tí nǹkan ṣe bá wá wà nínú kòtò lẹ́bàá títì, tí àwa dúró lókè tí à ń wí pé Ọ̀kun, Ọ̀kun, tí kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i, ṣé ìkíni nìyẹn àbí ẹ̀sín?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Títì tó ti Lọ́kọ́jà gba Òbàjánà wá sí Kàbà, tírélà sìmẹ́ńtì ń gbà á tọ̀sán tòru. Ọ̀nà yẹn náà là ń gbé iṣu, gàrí àti epo gbà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, kí là ń rí? Èrò á pé jọ. Ẹlòmíràn á yọ fóònù, á máa ya fọ́tò. Ẹlòmíràn á ní, «Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ọlọ́pàá ò tíì dé.» Àwọn kan á sì ti máa ṣa ẹrù ẹni tó ń kú lọ. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà pọ̀ lọ́jà wa. Kí ló dé tí orí ọmọ fi ń wọ́?

A mọ àwíjàre tí wọ́n ń wí. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÈKÍNÍ: «Ọlọ́pàá á mú mi.» Ẹ̀rù yìí nídìí, a ò ní purọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọsibítù ti ń béèrè ìwé ọlọ́pàá kí wọ́n tó tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ọ̀pọ̀ sì ti kú sórí ìjókòó níbẹ̀. Àmọ́ òfin ti jáde ní ọdún 2017 pé kí gbogbo ọsibítù gba ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, ìwé ọlọ́pàá wà o, kò sí o. Òfin yẹn kan náà ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé e wá, kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò nídìí dójú tì í.

ÈKEJÌ: «Ọsibítù á gba owó kí wọ́n tó wò ó.» Òfin ètò ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó wà nínú ewu ikú, ohun yòówù kó fà á. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ìtanràn 100,000 náírà tàbí kó lọ ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Ẹ há a sórí bí ẹ ṣe há iye owó ọjà sórí. Òfin ò ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń gbé e rìn.

ÈKẸTA, èyí tó wúwo jù: «Mo bímọ. Mi ò lè kú nítorí ẹlòmíràn.»

Ẹ gbọ́ o. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh náà bímọ, ọmọ kan ṣoṣo ló sì bí. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan ti Làìbéríà wọ Èkó pẹ̀lú àìsàn, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù tí dókítà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Dókítà yìí ló fura pé Ebola ni. Àwọn aláṣẹ Làìbéríà fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, ó ní ìpàdé kan ní Kàlàbá. Obìnrin yìí ní kò níbi tó ń lọ. Ká ní ó ní «kò kàn mí», tó buwọ́ lùwé kó máa lọ, ta ló mọ iye mọ́tò àti iye ọjà tí àìsàn yẹn ìbá gbà kọjá? Ọkùnrin náà kú ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn. Dókítà Adadevoh náà kó o, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Kì í ṣe òun nìkan ló kú nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ènìyàn 20 ni àìsàn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé ní ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ní Gínì, Làìbéríà àti Sẹráléónì, ó pa ju 11,000 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lónìí, tí ẹ ń bá oníbàárà bọ ọwọ́, obìnrin yẹn wà lára àwọn tó sanwó ẹ̀ fún yín.

Ẹ tún wo èyí. A ní a ń bẹ̀rù ikú. Nígbà tí táńkà epo dojú dé ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọ̀pọ̀ ló sáré lọ bu epo. Iná sọ, ó pa ju 150 lọ. Ebi ló lé wọn débẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: ènìyàn tó lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí kẹ́ẹ̀gì epo kan, kò lẹ́nu láti sọ pé ewu ni kò jẹ́ kóun gbé aládùúgbò òun. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló ń dá wa dúró nígbà gbogbo. Nígbà míràn, a kàn ń díye lé ọmọ ẹlòmíràn ni, iye tí a sì ń dá lé e kéré.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò ní kí ẹnikẹ́ni kó sínú iná. Ní Felele ní Lọ́kọ́jà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, táńkà pa ènìyàn tó lé ní 20, ọmọ ilé ìwé wà nínú wọn. Bí táńkà bá ṣubú, ìrànlọ́wọ́ tó wà níbẹ̀ ni ká lé àwọn èrò sẹ́yìn, ká dá mọ́tò tó ń bọ̀ dúró, ká má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáná, ká sì pe 122 ti Road Safety tàbí 112. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ní Ọwọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn pa ènìyàn bí 40 nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan gbé ẹni tó fara pa lọ sí ọsibítù, àwọn kan lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Oníkálùkù ló ní èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ká.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kí ìpàdé ẹgbẹ́ fọwọ́ sí nìyí:

1. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, kí a mọ dérébà kan tí mọ́tò rẹ̀ máa gbé ẹni tó bá fara pa, kí ẹgbẹ́ san owó epo rẹ̀.
2. Kí a yọ díẹ̀ nínú owó ìpàdé sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.
3. Bí ọ̀kan nínú wa bá gbé ènìyàn lọ sí ọsibítù, kó má dá lọ. Kí ẹni méjì tẹ̀ lé e, kí ẹgbẹ́ sì dúró tì í bí ọlọ́pàá bá pè é.
4. Ẹni tó bá ṣa ẹrù nídìí jàǹbá, kó dá a padà, kó san ìtanràn, kí ìyálọ́jà sì tọ́jú ẹrù náà de ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yin tí ẹ máa wá sọ níbi ìpàdé pé owó ò sí, ẹ rántí pé à ń dá owó aṣọ ẹbí. Aṣọ tí a bá rà fún ìsìnkú ẹni tí a ì bá gbà là, kì í ṣe aṣọ ẹ̀yẹ. Ọ̀pá tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó: títì tí wọ́n ti rí ẹni àná, àwa náà la máa gbà á lọ́la.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wa náà ló máa ń fi gbé ènìyàn dìde. Ọ̀kun o!