Ọmọ Tí Orúkọ Rẹ̀ Kò Tíì Jáde

Ìdúró kò jọ ìdúró. Ẹni tí ó ti jókòó sínú ọkọ̀ tí ń pe èrò mọ̀ pé òun yóò lọ, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà, tí gbogbo ọkọ̀ tí ń kọjá kún fọ́fọ́, kò mọ̀ bóyá kí òun dúró ni tàbí kí òun fi ẹsẹ̀ rìn. Irú ìdúró kejì yìí ni ti ọmọ tí ó ṣe ìdánwò JAMB, tí máàkì rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tí kò rí orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé àkọ́kọ́ tí yunifásítì gbé jáde. Wọn kò kọ̀ ọ́, wọn kò sì tíì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí á gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí Ìsinbọ̀dé-Èkìtì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Bí ó bá ń ti oko bọ̀, wọn a bi í, bí ìyá rẹ̀ bá pàtẹ lọ́jà, wọn a bi òun náà pé, “Ìyá, ọmọ yín ńkọ́? Ṣé orúkọ ti jáde?” Ẹni tí ń béèrè kò ní èrò ibi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà a máa gún ọmọ bí ẹ̀gún. Inú ìtìjú yìí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe ti ń wá.

Ó yẹ kí ọmọ náà kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ń dúró dè. Kí ìjọba tó dá JAMB sílẹ̀ ní ọdún 1978, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀; ọmọ kan lè di àyè mẹ́ta mú, kí ẹlòmíràn má rí ẹyọ kan. Láti ọdún 2017, orí ẹ̀rọ tí à ń pè ní CAPS ni ìgbàwọlé ti ń lọ. Nínú 100 àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìlànà ni pé kí 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, kí 35 jẹ́ ti ọmọ agbègbè, kí 20 sì jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Bí ẹnì kan tí wọ́n mú bá kọ àyè tirẹ̀, tàbí tí èsì rẹ̀ kò kún ojú ìwọ̀n, àyè ṣí nìyẹn. Nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ ni ìwé orúkọ àfikún ti ń jáde.

Ohun kan wà tí ọmọ náà lè ṣe lónìí. Kí ó wò ó bóyá èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ ti wà lórí CAPS. Àwọn mìíràn forúkọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń retí èsì. Nígbà tí èsì dé, wọ́n fi han bàbá, wọ́n fi han ìyá, wọ́n fi han pásítọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé láti gbé e síbi tí yunifásítì yóò ti rí i. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa di ẹ̀bi ru àwọn aráyé, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní àkókò yìí gan-an ni gbájú-ẹ̀ máa ń yọjú. A ní òun mọ ọ̀gá kan níbẹ̀, pé bí bàbá bá lè wá owó kan, orúkọ yóò jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ilẹ̀ Èkìtì, ọ̀pọ̀ bàbá ni ó ti fi oko kòkó dógò láti san owó ilé-ìwé ọmọ, kò sì sí ẹni tí yóò bú wọn. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ní ìwé-ẹ̀rí pé a san án; owó gbájú-ẹ̀ kò ní. Kódà bí ó bá tilẹ̀ rí ọmọ náà tì wọlé láìgba CAPS kọjá, kò ní sí ìwé ìgbàwọlé JAMB fún un, ìyọnu rẹ̀ yóò sì dé ní ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ fún ìsìnrú ìlú. Nígbà náà oko ti lọ, ìwé kò sì sí.

Nígbà mìíràn, yunifásítì a máa fi ẹ̀kọ́ mìíràn lọ ọmọ: ó béèrè ìmọ̀ ìṣègùn, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwọn òbí kan yóò ní kí ó kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà tán. Kí ó wá ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà lọ, kí ó béèrè bí ó ti rí. Bí ó bá lè bá a gbé, kí ó gbà á, kí ó sì mọ̀ pé bí òun bá ti gbà, ìdúró ti parí fún ọdún náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé yóò gbà á ní oṣù yìí kí ó pa á tì ní oṣù tí ń bọ̀, kí ó kọ̀ ọ́ ní kíá, nítorí ọmọ kan wà ní ìlú mìíràn tí ń dúró de àyè náà gan-an.

Ọ̀nà kejì ni ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, tí ọ̀pọ̀ ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú wò. Ẹ jẹ́ kí á ka ọdún rẹ̀. Ọdún 3 ni NCE. Bí èsì rẹ̀ bá dára, ọmọ náà lè wọ yunifásítì ní ọdún kejì ẹ̀kọ́, kí ó lo ọdún 3 sí i. Ó di 6. Ẹni tí ó jókòó sílé fún ọdún 2, tí ó wá wọlé fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún 4, òun náà lo 6. Ìwé-ẹ̀rí méjì ni ẹni àkọ́kọ́ mú jáde, ó sì ti lè dúró níwájú kíláàsì kan kí ó sì gba owó oṣù.

Èyí kò wí pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ìmọ̀ ìṣègùn má dúró. Kí ó dúró, ṣùgbọ́n kí ìwé Físíìsì rẹ̀ má ṣe dòkè àjà. Ọdún kan péré ni èsì JAMB ń ṣiṣẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n sì sábà máa ń forúkọ sílẹ̀ fún òmíràn. Bí ìyẹn bá dé tí orúkọ rẹ̀ kò tíì jáde, kí ó lọ ra fọ́ọ̀mù tuntun, kí ó sì máa yẹ CAPS wò lọ títí wọn yóò fi ti ìgbàwọlé ọdún náà.