MÁÀPÙ ÒKUN WA DÀ?

Ẹ̀yin ará wa ní Àgbádárìgì, ní Ìlàjẹ àti ní gbogbo etí òkun, ẹ gbọ́ o. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan já páìpù gáàsì tó gba abẹ́ òkun láti Àgbádárìgì lọ sí Kútọnu, Lomé àti Gánà. Omi Tógò ló ti já, Gánà ni iná mànàmáná ti ń ṣe ṣégeṣège, bẹ́ẹ̀ gáàsì tiwa ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí gáàsì tó tún ṣàn. Olè ojú omi ló fà á. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, máàpù ò lè lé olè. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ omi kan kì í dúró sí omi kan?

Láti 2014 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin dè é pé kí àwọn ìlú etí òkun wọn jọ máa pèrò, kí wọ́n máa fi ohun tí wọ́n mọ̀ nípa omi wọn han ara wọn. Àwa, Bìnì àti Tógò jọ wà nínú Àdéhùn Àbíjàn ti 1981.

Nígbà tí wọ́n bá wá tọrọ ìbò, ẹ bi wọ́n: ta lẹ fi máàpù hàn ní Kútọnu? Apẹja wo lẹ fi hàn nílé? (A ò ní kí wọ́n tú àṣírí ológun o.) Bí ẹgbẹ́ wa bá wọlé, ara ògiri gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ la ó gbé e kọ́ sí, kí apẹja mọ ibi tí páìpù wà kó tó ju àwọ̀n.