Tòkúnbọ̀ Tó Wọ́n Ju Tuntun Lọ

Lóṣù yìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín: mo ti fọwọ́ ara mi da owó sí ààtàn rí.

Ní 1993, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Maryland, mo ra kọ̀ǹpútà kan ní yard sale kan ní Hyattsville. Commodore 64 ni. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1982, $595 ni wọ́n ń tà á. $15 ni mo rà á, bàbá tó tà á sì fi àpótí kásẹ́ẹ̀tì kan ṣe ènì, torí kásẹ́ẹ̀tì bíi ti orin ni ẹ̀rọ náà fi ń pa iṣẹ́ mọ́.

Nígbà tí à ń kó láti Langley Park lọ sí Bowie ní 2004, ìyàwó mi ní, "Daddy, ẹ yan ọ̀kan nínú èmi àti ẹ̀rọ yìí." Mo sọ ọ́ nù, ó ku àpótí kásẹ́ẹ̀tì. Akáǹtáǹtì ni mí o! Nínú ìṣirò owó-orí Amẹ́ríkà, ohun-ìní ọdún 5 ni kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé tèmi, ó ti di òdo tipẹ́.

Lóṣù tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi gbé fóònù rẹ̀ wá. "Daddy, ẹ wo irú kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó ń tà á ń pe $400." $400 kẹ̀! Ẹ̀rọ tí kò lè gba fọ́tò kan ṣoṣo láti inú fóònù ọmọ náà! Nílé, tòkúnbọ̀ là ń pè é, owó rẹ̀ a sì máa wálẹ̀. Níbí, wọ́n sọ ọ́ ní "vintage", owó bá gòkè.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Apple-1 jáde ní 1976, $666.66 ni. Nǹkan bí 200 péré ni wọ́n ṣe. Ní 2014, Bonhams ta ọ̀kan ní gbàǹjo ní New York, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Michigan sì san $905,000. Ohun tó ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n. Ṣùgbọ́n àìmọye Commodore 64 ló wà láyé. Ẹ̀yin ọmọ, iye tí ọlọ́jà pè kọ́ ni iye ọjà, iye tí ẹnìkan san ni. Ẹ ná an bí ìyá yín ṣe ń ná ẹja.

Ojúkòkòrò bá gbé mi lọ sí basement, bóyá n ó rí kásẹ́ẹ̀tì géèmù tà. Ohun tí mo rí láàárín wọn ni kásẹ́ẹ̀tì tí ìyá mi, tó ti di olóògbé, fi rán ẹnìkan sí mi ní 1995, nígbà tí owó tẹlifóònù ń jẹ ènìyàn lórí. A yá rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ohùn màmá jáde: "Àkànní, ṣé ẹ ń rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀?"

Ọmọ mi kò rí ìyá àgbà rẹ̀ rí. Ó ní, "Daddy, ta ni Àkànní?" Mo ní oríkì mi ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Èló ni ká pè é?" Ó ní, "Not for sale."

Ohun tí a ní là á náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹ yẹ àpótí yín wò kí ẹ tó dà á nù, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá gbọ́.

Bí ẹ bá sì rí Commodore 64 níbẹ̀, ẹ pè mí. $15 ni n ó san.