Ẹ Má Dáná Sun Kùùkù Àgbàdo Mọ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ọ̀wọ́n, nígbà tí a bá kórè àgbàdo tán, tí a sì yin ín, a máa ń kó kùùkù rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ oko, a ó sì dáná sun ún. Èrò tèmi ni pé owó ni a ń sun, ó sì yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ ṣe ìwé, a ó la igi wẹ́wẹ́, a ó fi omi sódà sè é títí yóò fi rọ̀ bí ògì. Ṣùgbọ́n ògì igi yìí kì í funfun. Àwọ̀ páálí ni ó máa ń ní, nítorí oje líle tí ó so mọ́ fọ́nrán igi. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń fi klorínì bó o. Májèlé tí kì í tètè jẹrà wà lára ìdọ̀tí tí klorínì ń dá sílẹ̀. Bí ó bá wọ odò, yóò wọ ara ẹja, láti ara ẹja ni yóò sì ti wọ ara ẹni tí ó jẹ ẹ́.

Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilẹ̀ Finland fi hàn pé bí a bá kọ́kọ́ da ẹ́ńsáìmù tí à ń pè ní xylanase sí ògì igi náà, yóò gé ohun tí ó di oje mọ́ fọ́nrán, klorínì tí a ó lò yóò sì dín kù. Ìdínkù náà lè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń ṣe ẹ́ńsáìmù yìí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà bà yín lẹ́rù. Ìran kòkòrò kan náà, Bacillus, ni àwọn ìyá wa ti ń lò láti fi ṣe irú láti ìgbà ìwáṣẹ̀. A ó lọ kùùkù àgbàdo, a ó bu omi díẹ̀ sí i, a ó sì sè é kí kòkòrò mìíràn inú rẹ̀ lè kú. Bí ó bá tutù, a ó fi Bacillus sí i, a ó sì fi í sínú ooru fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni a ó fi omi fọ ẹ́ńsáìmù jáde, a ó sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n bí kòkòrò náà bá ń jẹ fọ́nrán fúnra rẹ̀, ìwé náà kò ní lágbára. Nítorí náà, iṣẹ́ onímọ̀ ni yíyan kòkòrò.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ilé-iṣẹ́ ìwé wo ni yóò rà á? Ìbéèrè gidi ni. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Jẹ́bà, Oku-Iboku àti Ìwópin, síbẹ̀ òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ìwé wa ti ń wá. Ìdáhùn mi ni pé irú ẹ́ńsáìmù yìí ni a tún ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ kí èérí ọkà lè dà dáadáa nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ti adìẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ìwé bá jí, yóò bá wa lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ sá kùùkù gbẹ, kí ẹ kó o sí abẹ́ òrùlé kí ó má bu. Ẹ tà á pọ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹ sì fẹnu kò lórí iye owó kí ọkọ̀ tó dé. Àpò kan ṣoṣo kò lè na owó rere. Ṣùgbọ́n ẹ fi póròpórò àti háhá sílẹ̀ fún ilẹ̀, nítorí àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Àwa tí a wà ní ilé ìwádìí náà ní ẹrù tiwa. Kùùkù fúyẹ́, ó sì ń gba àyè nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá ní láti gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, owó ọkọ̀ yóò jẹ èrè tán. Abúlé ni ó yẹ kí a gbé ẹ̀rọ ìlọ̀ wá. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí a má bá àgbẹ̀ wí bí ó bá tún ṣáná sí i.